Máńgòrò tó mọ́ tónítóní lórí igi, kí ló dé tó fi ń yọ àmì dúdú tó bá pọ́n tán?

Ìyá Eléso Kétu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí lọ́kàn rú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ wà níbí, àwọn tó kàwé nípa ọ̀gbìn náà wà níbí. Máńgòrò ni mò ń tà, ọdún kẹsàn-án rèé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kó o wá s'Ékòó. Tí mo bá dé oko, èyí tó ti gbó àmọ́ tí kò tíì pọ́n ni mo máa ń ní kí wọ́n ká fún mi, tó ṣì le kóko, torí ọ̀nà jìn, èyí tó bá ti rọ̀ ò lè fojú kan Kétu kó má bàjẹ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo sì máa ń yẹ̀ wò kó tó wọ apẹ̀rẹ̀.

Ti oṣù kẹta ò ní wàhálà rárá, ó pọ́n dáadáa, àwọn kọ́sítọ́mà ń pè mí pé àwọn tún fẹ́. Àmọ́ èyí tí mo kó nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́ lọ́hùn-ún, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlá, ọjọ́ tó dé kò sí nǹkan kan lára ẹ̀, ó ń dán, ọjọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún àmì dúdú tó-tò-tó ti bo púpọ̀ nínú ẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn wọnú díẹ̀, tó bá tún fi ọjọ́ kan sí i nǹkan kan á máa yọ jáde lójú àmì yẹn tó ń yọ̀ bí ilá, àwọ̀ ẹ̀ dà bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ ni mo dà nù.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé lára àwọn kan àmì yẹn ò wà káàkiri, ṣe ló tò láti ọrùn máńgòrò níbi tó ti so mọ́ igi, ó wá ń bọ̀ nísàlẹ̀ ní ìlà-ìlà, bí ìgbà tí ọmọ sunkún tí omijé gbẹ sí i lójú.

Mo pe ẹni tó ni oko, inú bí mi gan-an, mo ní ó ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀ mọ́ tèmi. Ó búra pé orí igi ni wọ́n ti fi ọ̀pá alápò ká gbogbo ẹ̀, kò sí ìkankan tó fẹnu kanlẹ̀. Dírẹ́bà náà ní òun ò dúró sùn lọ́nà. Ìbéèrè mi ni pé, níbo ni nǹkan yìí ti wọlé, ṣé lóko ni, ṣé nínú mọ́tò ni, àbí ṣọ́ọ̀bù mi? Tó bá jẹ́ oko ni, kí ló dé tí ojú mi ò rí i? Àti pé kí ló dé tó fi jẹ́ ti ìgbà òjò?

Oníwòsàn Ewéko

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú àdánù, apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ kì í ṣe kékeré. Àrùn ewéko ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, nǹkan tó ba ọjà yín jẹ́ yìí gan-an ni mo sì ń wò lójoojúmọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ó máa gùn díẹ̀.

Omijé tí ẹ rí yẹn ti dáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́. Oko ló ti wọlé, mọ́tò ò mọ̀ nípa ẹ̀, ẹni tó ni oko náà ò sì purọ́ fún yín. Anthracnose ni wọ́n ń pe àrùn yìí, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Colletotrichum ló ń fà á. Ẹbí èbu tó máa ń bo búrẹ́dì ni, ṣùgbọ́n ara ewéko ni tiẹ̀ fi ṣe ilé. Ẹ̀ka tó ti gbẹ, ewé tó ti kú, ìtànná ọdún tó kọjá tó gbẹ mọ́ orí igi tí kò já, ibẹ̀ ló máa ń wà. Hóró rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spore máa ń kóra jọ lọ́pọ̀ yanturu sínú nǹkan yíyọ̀ tí ẹ rí yẹn. Nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ, ohun yíyọ̀ yẹn náà á gbẹ mọ́ igi pìtì, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e, àmọ́ hóró inú ẹ̀ ò ní tètè kú torí ohun yẹn ló ń ṣe aṣọ fún un. Òjò ló máa ń tú u sílẹ̀. Tí òjò bá ti kán lé e, á yọ́, omi á máa ta á kiri, á máa ṣàn gba ọrùn máńgòrò sọ̀ kalẹ̀ lára èso, ibi tí omi bá gbà náà ni hóró máa lẹ̀ mọ́. Ojú ọ̀nà omi òjò yẹn gan-an lẹ rí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ pé inú apẹ̀rẹ̀ ló ti ràn án ni, kò ní tò bẹ́ẹ̀.

Nǹkan míì wà nínú ohun yíyọ̀ yẹn tó máa ń wú mi lórí. Tí àwọn hóró yẹn bá pọ̀ jù lójú kan, wọn kì í hù, kódà kí omi wà níbẹ̀. Èròjà kan wà tí àwọn fúnra wọn ń ṣe, òun ló ń dá wọn dúró. Mo ti fi ojú ara mi rí i. Mo mú díẹ̀ lára ẹ̀, mo pín in sí méjì, mo fi ìkan sílẹ̀ kó nípọn bó ṣe wà lórí gíláàsì, mo bu omi la èkejì títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara, mo kó àwọn méjèèjì sínú àwo tí mo tẹ́ òwú tútù sí, mo dé e, mo lọ sùn. Nígbà tí mo máa fi wò ó lábẹ́ maikirosíkópù láàárọ̀, ti àkọ́kọ́ ò tíì mira, ó wà gbọọrọ-gbọọrọ bí hóró ìrẹsì, àmọ́ ti èkejì ti yọ ẹ̀hù, lẹ́nu ẹ̀hù púpọ̀ nínú wọn nǹkan kékeré kan ti wà níbẹ̀ tó dúdú tó rí roboto bí orí ìṣó. Ẹ rí i pé ó mọ̀gbà tó yẹ kó jí. Tó bá ṣì wà láàárín àwọn ọmọ ìyá ẹ̀ lórí ẹ̀ka gbígbẹ, kí ló fẹ́ hù fún, kò sí oúnjẹ níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí òjò bá fọ̀ ọ́ kúrò lára wọn ló máa mọ̀ pé òun ti dé ibòmíì.

Nǹkan dúdú bí orí ìṣó yẹn ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì, pé kí ló dé tí ojú yín ò rí i. Appressorium ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ibi gbogbo ni hóró yìí ti máa ń ṣe é o, ó máa kọ́kọ́ yẹ ibi tó bà sí wò, ṣé ó le, ṣé ìda wà lára ẹ̀ bíi ti èèpo èso. Ní 1993 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìda ara èèpo píà ló ń mú kí Colletotrichum tó ń jẹ píà hù kó sì ṣe orí ìṣó yẹn, ìda ewéko míì ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Tó bá ti dá a lójú pé ara èso lòun wà, á fi àwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ melanin, tó jọ èyí tó wà nínú irun wa, ti ara rẹ̀ pa, á wá máa fa omi sínú títí á fi le gan-an, ibẹ̀ ló ti máa ti abẹ́rẹ́ tín-ínrín gba inú èèpo wọlé. Èyí tó ń ba ewé ìrẹsì jẹ́ tó ń ṣe irú nǹkan yìí, wọ́n ti wọn agbára inú ẹ̀, ó tó 80 bar. Táyà mọ́tò kékeré tí èèyàn ń wọ̀ ò ju bíi 2 bar lọ, ìyẹn ni pé ìlọ́po ogójì ni. Ojú lásán ò sì lè rí i.

Àmọ́ lára máńgòrò tí kò tíì pọ́n, á dé ibẹ̀ á dúró. Oje máńgòrò tó máa ń ta èèyàn lẹ́nu yẹn tó sì máa ń bó ọmọdé lẹ́nu, èròjà wà nínú ẹ̀ àti nínú èèpo tó jẹ́ májèlé fún fọ́ńgọ́ọ̀sì. Torí náà kò ní kú, kò sì ní dàgbà, á jókòó sábẹ́ èèpo tàbí lórí ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí èso bá ti ń pọ́n, májèlé yẹn á máa dínkù, ṣúgà á máa pọ̀, ara èso á máa rọ̀, ìgbà yẹn ló máa wá jí. Kì í tiẹ̀ dúró de kí oúnjẹ dé iwájú ẹ̀. Gáàsì kan wà tí èso máa ń mú jáde tó bá fẹ́ pọ́n, ethylene lorúkọ ẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kan mú kí àwọn tó kù nínú àpò pọ́n. Ní 1994, Flaishman àti Kolattukudy gbé e jáde pé gáàsì yìí gan-an ni Colletotrichum fi ń mọ̀ pé àkókò ti tó. Tó bá ti gbúròó ẹ̀, hóró á hù, á ṣe orí ìṣó kíákíá. Àwọn Colletotrichum tó ń gbé lára èso tí kì í fi gáàsì yẹn pọ́n, irú bí ọsàn, gáàsì yẹn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìkọ̀ọ̀kan ti kọ́ èdè ilé tó ń gbé.

Tó bá wọlé tán, á tún ilé náà ṣe sí bó ṣe fẹ́. Inú èso kan, kò sì fẹ́ kíkan, torí náà á máa tú ammonia jáde, irú èyí tó ń rùn nínú ilé adìyẹ, á fi pa kíkan yẹn, ìgbà yẹn ni àwọn èròjà tó fi ń yọ́ ara èso máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ojú àmì yẹn fi ń jìn wọnú. Èbu tó máa ń bo ọsàn, òdìkejì ló ń ṣe, òun ń mú kí ọsàn túbọ̀ kan sí i torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wù ú.

Ti oṣù kẹta tó mọ́, ẹ ti mọ ìdí ẹ̀ báyìí. Hóró yìí nílò kí ara èso wà ní tútù fún wákàtí púpọ̀, bíi méjìlá, kó tó lè hù kó sì lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ó sì fẹ́ ìgbóná bíi digirí Celsius 25 sí 30. Ìgbóná ò wọ́n nílẹ̀ wa, omi ló kù. Òjò àṣálẹ́ tí oòrùn ò yọ sí títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dùn mọ́ ọn jù.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ ṣé gan-an brother, mo ka eléyìí lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tó ń ṣe kòkó mọ nǹkan tí Mọ́mì ń sọ. Tó bá ti di oṣù keje sí ìkẹsàn-án tí òjò ò dá, o lè wo kòkó lónìí kó mọ́, kó o padà dé ní ọjọ́ mẹ́ta kó ti dúdú láti ìdí dé orí, èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Bàbá mi máa ń sọ pé ilẹ̀ ló ń mú un wá. Ṣé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan náà ni?

Oníwòsàn Ewéko

Òótọ́ ni bàbá yín sọ, inú ilẹ̀ ló ń sápamọ́ sí ní ìgbà ẹ̀rùn, òjò á wá ta á láti ilẹ̀ sára kòkó tó wà nísàlẹ̀, láti ibẹ̀ á máa gòkè. Phytophthora megakarya ló wọ́pọ̀ nínú oko kòkó wa àti ti Kamẹrúùnù. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yẹ, kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì gidi, ó kàn jọ ọ́ ni, àwọn ewé inú òkun ló bá tan, ìyẹn ló sì jẹ́ kó lè ṣe ohun tí Colletotrichum ò lè ṣe: hóró rẹ̀ ń wẹ̀ nínú omi, ó ní ìrù méjì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Àpò kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ ṣe, omi àti otútù ló máa ń sọ fún àpò yẹn bóyá kó hù fúnra ẹ̀ àbí kó bẹ́, kó tú àwọn tó ń wẹ̀ yẹn sílẹ̀. Lábúráátìrì wa, tí a bá fẹ́ kó bẹ́, ṣe la máa bu omi sí i, a gbé e sínú fíríìjì fún ìgbà díẹ̀, a wá gbé e jáde síta. Tí ẹ bá wò ó lábẹ́ maikirosíkópù nígbà tó ń bẹ́, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń tú jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yí po, wọ́n á sáré lọ. Ọmọ ìyá ẹ̀ tó ń jẹ ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tó dá ìyàn ńlá sílẹ̀ ní Ireland ní 1845, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí omi bá tutù bíi 12, á tú àwọn tó ń wẹ̀ sílẹ̀, tó bá gbóná bíi 24, àpò náà á kàn hù tààrà. Nínú oko kòkó yín, òjò òru ló ń ṣe iṣẹ́ fíríìjì yẹn, ibòòji tó bá sì pọ̀ jù ò ní jẹ́ kí omi gbẹ. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń ní kí ẹ gé ẹ̀ka, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, kí ẹ sì tètè kó èyí tó ti dúdú kúrò lórí igi.

Kùkúńbà Ṣakí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ò gbà pé omi ni gbogbo ẹ̀ o. Kùkúńbà ni mò ń gbìn, mo ń fi páìpù bomi sí ìdí ẹ̀ nígbà ẹ̀rùn, òjò kankan ò rọ̀, síbẹ̀ nǹkan funfun bíi pàúdà á bo ewé, tó o bá fọwọ́ pa á á lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Nígbà òjò gan-an mi ò kì í rí i tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé fọ́ńgọ́ọ̀sì ni òun náà. Báwo ló ṣe wá jẹ́?

Oníwòsàn Ewéko

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ rí i dáadáa. Powdery mildew nìyẹn, òun ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàpẹẹrẹ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣe tiẹ̀. Hóró tiẹ̀ ń gbé omi tirẹ̀ dání. Omi tó wà nínú hóró yẹn pọ̀ gan-an ju ti àwọn yòókù lọ, torí náà á bà sórí ewé gbígbẹ á sì hù láàárín wákàtí díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ alẹ́ ṣáà ti ní ọ̀rinrin. Tí omi òjò bá wá bò ó mọ́lẹ̀, ó ń ṣe é ní ibi, òmíì á bẹ́, òmíì á kú, òjò tún ń fọ̀ ọ́ kúrò lára ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri bí eruku, kò nílò kí nǹkan ta á.

Kì í sì wọnú ewé lọ tán bíi ti máńgòrò. Orí ewé ló ń gbé, okùn tín-ínrín kan ló máa ń tì bọ inú awọ ewé láti fi mu oje, ewé yẹn gbọ́dọ̀ wà láàyè, torí bí ewé bá kú òun náà parí nìyẹn. Colletotrichum ti máńgòrò, pípa ló ń pa ibi tó bá ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún un torí ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Èyí tó ń ṣe bí ìpẹtà lára ewé ẹ̀wà, rust, ẹnu ihò tí ewé fi ń mí ló ń wá láti gbà wọlé, kò sì ní ojú. Ní 1987 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ewé ayédèrú láti ara rọ́bà, wọ́n fi òkè tín-ín-tín sí i lára ní oríṣiríṣi gíga, wọ́n wá da hóró sí i. Ẹ̀hù yẹn ń lọ, ó ń lọ, tó bá ti kan òkè tó ga tó ìdajì micron, á dúró lójú ẹsẹ̀, á ṣe appressorium. Irun orí èèyàn nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ̀n yẹn? Torí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètè ihò ewé ẹ̀wà ṣe ga tó. Ìfọwọ́bà ló fi ń mọ ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Eléso Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi tajà, ó ní òun ò ní wo máńgòrò bákan náà mọ́. Àmọ́ ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn o. Tó bá ti wà lára ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi tí mi ò sì lè rí i, kí ni mo lè ṣe? Àti pé mi ò fẹ́ purọ́, àwọn kan máa ń fún wa ní kábáídì láti fi mú kó pọ́n, mi ò kì í lò ó ní gbogbo ìgbà àmọ́ mo lò ó ti oṣù karùn-ún yẹn torí kọ́sítọ́mà kan ń yọ mí lẹ́nu.

Alájàpá Ìbàdàn

Ìyá Eléso, ẹ kú àfaradà. Àwa náà ti jẹ irú gbèsè yẹn. Omi gbígbóná ló yọ mí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti bá àwọn tó ń kó èso lọ sókè òkun ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi. Ẹ ra tẹmómítà, ẹ má fọwọ́ díwọ̀n o, torí ìyàtọ̀ digirí mẹ́ta ló máa sè é fún yín. Omi tó bá wà ní digirí Celsius 52 sí 55, ẹ ri máńgòrò sí i fún ìṣẹ́jú 5, ẹ kó o jáde, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó tò ó. Ọjọ́ tí wọ́n ká a tàbí ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ ṣe é, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ó ti bọ́. Dírọ́ọ̀mù kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀, iná igi ni, ọmọ kan á máa wo tẹmómítà, ẹlòmíì á máa ka ìṣẹ́jú. Kò gba gbogbo ẹ̀ là o, àmọ́ èyí tí mò ń dà nù ti dín gidi gan-an.

Oníwòsàn Ewéko

Ó ṣe é bó ṣe yẹ. Orí èèpo àti abẹ́ ẹ̀ níbi tí ọ̀tá yẹn jókòó sí ni ooru ń dé, kò dé inú ẹran máńgòrò, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Mọ́mì, ti kábáídì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. NAFDAC ti ń kìlọ̀ lórí ẹ̀ tipẹ́ nítorí ìlera àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ti ọjà yín náà tún wà níbẹ̀: gáàsì tí kábáídì ń tú jáde ń ṣe bíi ethylene fún èso, á mú kí gbogbo apẹ̀rẹ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, á sì mú ààbò ara èso kúrò lójijì, nígbà tí òjò ti gbìn hóró sí i lára tán. Máńgòrò tí òjò ti rọ̀ sí lórí, ẹ tà á kíákíá, ẹ má tọ́jú ẹ̀ pẹ́, ẹ má sì dé e pa mọ́ inú ọ̀rá.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ni oko. Kó gé àwọn ẹ̀ka gbígbẹ àti ìtànná àtijọ́ yẹn nígbà ẹ̀rùn kí òjò tó dé, kó sun ún, kó má kàn kó o sábẹ́ igi. Tó bá lágbára ẹ̀, kó fín oògùn kọ́pà nígbà tí igi bá ń tanná àti nígbà tí èso bá ṣì kéré, torí kọ́pà ò lè lé èyí tó ti wọlé jáde, kí hóró tó hù ló ti gbọ́dọ̀ wà lára èso.

Ìyá Eléso Kétu

Mo ti pè é. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má bínú sí mi, mo sọ nípa omijé yẹn fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ pé òun mọ àwọn igi tí wọ́n ti ká a, pé igi mẹ́ta ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ẹ̀ka gbígbẹ ló kún orí wọn, àtìgbà tí bàbá òun ti kú kò tíì sẹ́ni tó gun orí wọn láti gé nǹkan kan. A jọ fẹnu kò pé máa san lára owó ẹni tó máa gé e nínú oṣù kejìlá. Mo ti ra tẹmómítà. Àwọn apẹ̀rẹ̀ tí máńgòrò jẹrà sínú ẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé mo lè lò ó padà?

Oníwòsàn Ewéko

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ mà, ẹ sá a sí oòrùn títí á fi gbẹ kanranjángbọ́n. Èyí tí ohun yíyọ̀ yẹn ti gbẹ wọ inú ọ̀pá ẹ̀, ẹ sun ún.